Oyin Tí Kò Tíì Gbó

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Àbújá, mo fi ẹsẹ̀ rin òpópónà kan já ní Maitama, mi ò sì rí ẹnì kankan kí. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi láti ọ́fíìsì, takisí wá já mi sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ilé ńláńlá ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ògiri wọn ga, igi tí wọ́n gbìn sẹ́bàá ọ̀nà tò dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó ń rìn. Gbogbo ènìyàn wà nínú mọ́tò, wọ́n yí gíláàsì sókè. Èmi tí wọ́n bí sí Ìgbòho, níbi tí èèyàn kò ti lè lọ ra iyọ̀ kó má kí gbogbo àdúgbò tán kó tó padà sílé. Nígbà tó yá, mo rí bàbá mẹ́gáàdì kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní ẹ kú ọ̀sán o, bàbá. Ọkùnrin náà dìde dúró, ó rò pé mo fẹ́ béèrè nǹkan ni.

"Sannu, Hajiya. Who you dey find?"

Mo ní mi ò wá ẹnikẹ́ni, kíkí ni mo ń kí i. Ó ń wò mí lọ títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹnu mi máa jókòó lásán ní ìlú yìí.

Mi ò kì í ṣe ọmọdé nígbà tí mo kúrò nílé. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi kan ṣoṣo ti wọ ilé ọkọ ní Ìlọrin. Wọ́n kàn pè mí lọ́jọ́ kan ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa n'Íbàdàn pé wọ́n ti gbé mi lọ sí olú ilé iṣẹ́ ní Garki. Àwọn ènìyàn bá mi yọ̀. Wọ́n ní Àbújá ni owó wà, wọ́n ní iná kì í lọ níbẹ̀, wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè wà láàárín èrò rẹpẹtẹ kó sì máa wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Iná náà sì ń lọ dáadáa.

Kúbwà ni mo gba yàrá sí. Àwọn ará Èkìtì kan ń gbé lókè mi, ọkọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìdájí ni wọ́n ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Àwọn ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá ní kí wọ́n bá mi ra búrẹ́dì, wọ́n á lọ rà á wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé ilé ìwé ńkọ́, òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lè wà nílé láti àárọ̀ di alẹ́ láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi. Bí mo bá wúkọ́, èmi náà ni mo ń kí ara mi pé pẹ̀lẹ́. Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó pẹ́, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Mo máa ń pe ilé. Ṣùgbọ́n Bàámi kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ lórí fóònù. Ó kà á sí ohun tí a fi ń jíṣẹ́ kíákíá ni. Á ní, "Ṣé àlàáfíà ni? Iṣẹ́ ńkọ́? Ó dáa, má jẹ̀ẹ́ kí owó ẹ tán." Kí n tó mí, ó ti dá fóònù padà fún Múrí, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Mo máa ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ sílẹ̀ nínú ọkàn mi láti àárọ̀, n kì í rí ìdajì rẹ̀ sọ.

Ó tó ọdún kan tí mo ti wà níbẹ̀ kí oyin tó wá sí ọ́fíìsì wa. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀wọ́ oyin kan ṣàdédé dé, wọ́n so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi dóńgóyárò níbi tí àwọn ọ̀gá ń gbé mọ́tò sí. Kíá, gbogbo ilé iṣẹ́ dàrú. Àwọn tó ń ti ibi oúnjẹ bọ̀ sá padà, dírẹ́bà kan ti ara rẹ̀ mọ́ inú mọ́tò, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Ọ̀gá kan ní kí wọ́n sáré lọ ra oògùn apakòkòrò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀, mo bọ́ sábẹ́ igi náà, mo pe Bàámi.

"Ṣé wọ́n ń hó ni àbí wọ́n dákẹ́?" Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Mo ní wọ́n dákẹ́, wọ́n kàn dì mọ́ ara wọn.

"Wọ́n ti yó nìyẹn. Oyin tó ń wá ilé kì í bá èèyàn jà. Wá páálí kan."

Olóyin ni bàbá mi. Àwọn kan wà tó ń dáná sun oyin nínú igbó, tí wọ́n ń pa ìyá pa ọmọ nítorí afárá. Bàámi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń sìn wọ́n ni. Ìkòkò amọ̀ ló ń dè sórí igi fún wọn, èmi àkọ́bí rẹ̀ ni mo sì ń bá a gbé èéfín títí mo fi lọ sílé ìwé gíga. Lọ́jọ́ yẹn, ó kọ́ mi lórí fóònù bí mo ṣe máa gbé páálí sábẹ́ wọn, bí mo ṣe máa gbọn ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí mo ṣe máa fi páálí sílẹ̀ síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́kù lè tẹ̀lé ìyá wọn wọlé. Kò dá fóònù padà fún Múrí rárá. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ní, "Madam, you no dey fear?" Mo ní ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n ará ilé mi ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Mama Oyin ní ọ́fíìsì, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ.

Bàbá Tanko ló fún oyin náà ní ibi tí wọ́n máa gbé. Àgbẹ̀ ni, ará Gbagyi, oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Bwari, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń ta iṣu fún mi. Èjìká ni obìnrin Gbagyi fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e karí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Òun náà ń wo èmi tí mo gbé báàgì lérí, a bá jọ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó fún mi ní kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àwọn igi igbá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, ó ní, "Kai, Mama, ba kome," ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Káfíńtà kan ládùúgbò ibẹ̀ bá mi kan àpótí, mo fi ìda tí Múrí fi ránṣẹ́ láti ilé pa inú rẹ̀, oyin wọlé, wọ́n sì dúró.

Gbogbo Sátidé ni mo wá ń lọ. Mi ò ṣe nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Mo kàn ń jókòó sídìí igi, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde, mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn. Mo ń ro ẹjọ́ ọ̀gá mi fún wọn. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n Yorùbá tí mo bá oyin sọ lọ́dún yẹn pọ̀ ju èyí tí mo bá ènìyàn sọ lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa pe Bàámi, ó sì máa tọ pinpin gbogbo rẹ̀: òdòdó wo ló ń tú, ṣé èèrà ò gun ẹsẹ̀ àpótí, ṣé mo da eérú yí i ká. Ẹni tí kò mọ fóònù í sọ wá ń sọ ọ́ títí báńtìrì Múrí á fi kú. Ìgbà tí mo jìnnà sí bàbá mi tó báyìí ni èmi àti òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ọ̀rẹ́.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ lábẹ́ igi igbá yẹn. Bí mo bá lọ sílé fún ọdún Iléyá, wọ́n á gbé àga àlejò fún mi, wọ́n á lọ ra omi inú ike, wọ́n á máa pè mí ní ará Àbújá. Bí mo bá padà dé Àbújá, èmi ni obìnrin Yorùbá yẹn. Àwọn oyin mi náà ti ibì kan ṣí wá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo. Wọ́n rí ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo máa ń jowú wọn.

Òfin kan wà ní agboolé wa lórí oyin. Oyin tuntun ọdọọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu kí àgbà olóyin tó tọ́ ọ wò. Ẹni tó gé e kò gbọ́dọ̀ lá ìka. Kò gbọ́dọ̀ fi rán ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá, yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, àgbà á tọ́ ọ wò, á sì sọ lójú gbogbo ènìyàn bóyá ó ti gbó tàbí kò tíì gbó. Bó bá ní kò tíì gbó, ojú á tì ọ́ títí ọdún á fi yí po. Mo ti rí ọkùnrin oníyàwó méjì tó sunkún nítorí rẹ̀. Bàámi gan-an ló sì ṣe é fún un, àbúrò rẹ̀ ni, níwájú àwọn àna rẹ̀.

Ojú afárá la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí oyin bá gbé omi òdòdó wálé, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, wọ́n á wá fi ìda dí ojú ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó ti dí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bo afárá tán, gé e. Bó bá jẹ́ ìdajì, ní sùúrù. Bí kò bá dá ọ lójú, gbé e dání kí o gbọ̀n ọ́n. Bó bá ta sí ọ lára, dá a padà fún àwọn tó ni ín. Oyin tí kò gbó á hó nínú ìgò, á kan, á sì dójú ti ẹni tó gé e. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn kò sì lè máa dúró lọ títí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé, òdòdó á rẹ̀, ọ̀rinrin á wọlé, oyin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí wọ́n tọ́jú. Àyè kékeré ló wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ sì ni Bàámi ti máa ń mọ olóyin yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ní àpótí.

Mi ò gé nǹkan kan lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èyí tó tẹ̀lé e ló máa jẹ́ oyin tèmi àkọ́kọ́. Ìgbà ọyẹ́ ọdún yẹn ni àìsàn dá Bàámi dùbúlẹ̀.

Múrí ló pè mí. Ó ní bàbá kò lè dá dìde mọ́, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó tó mu ẹ̀kọ díẹ̀, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Mo mọ ohun tí dókítà ń sọ bó bá ní ká máa tọ́jú arúgbó nílé. Mo tọ ọ̀gá mi lọ. Ó bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ pọ̀ lásìkò yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun lè yọ̀ǹda mi, kí n yan ìgbà tó bá wù mí. Mo fẹ́ máa lọ lójú ẹsẹ̀. Bàámi ló dá mi dúró.

"Kí lo fẹ́ wá wò?" ló ní. "Oyin ẹ ńkọ́? Má wá fi ọwọ́ lásán jókòó tì mí. Bó bá gbó, gbé e wá."

Mo bá dúró. Ẹ̀rù méjì ló wá ń bà mí. Bí mo bá lọ lọ́wọ́ òfìfo, àyè tí mo ní ti lọ nìyẹn, Bàámi kò sì ní tọ́ oyin mi wò láyé. Bí mo bá dúró de oyin, ó lè má bá a láyé. Mo ń jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn láyà mi. Fóònù tí mo ti ń retí kó dún wá di ohun tí mò ń sá fún. Bó bá dún lọ́jọ́ iṣẹ́ tí mo rí orúkọ Múrí, mo máa ń kọ́kọ́ jáde síta kí n tó gbé e.

Òdòdó máńgòrò rẹ̀ dànù, ti igi igbá tú, ó pupa gbọ̀ọ̀. Ooru dé. Bàámi ṣì ń béèrè ní gbogbo Sátidé pé, "Ojú ẹ ti dí tó?" Mo ń sọ ibi tó dé fún un. Ohùn rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Múrí ló wá ń gbé fóònù sí i létí. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá oyin jà. Mo ní ẹ ṣe kíá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ tún ń ṣe? Bàbá Tanko gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní bàbá mi ń ṣàìsàn, ilé sì jìnnà. Ó gbàdúrà fún un ní èdè Hausa, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí oòrùn fi wọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé kan, ìkùukùu ṣú bo òkè Bwari, afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́. Mo ṣí àpótí. Èyí tó ti dí kò tíì pé ìdajì. Mo gbé afárá kan, mo gbọ̀n ọ́n, omi oyin ta sí mi lápá. Mo dá a padà, mo pe ilé. Múrí ní bàbá kò ya ẹnu fún oúnjẹ láti àná. Ó gbé fóònù sí i létí.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní kò tíì tó ìdajì, mo ní mo gbọ̀n ọ́n, ó ta sí mi lápá. Mo ní bóyá ọ̀sẹ̀ méjì sí i, bí òjò bá gbà fún wa. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀.

"Ó ti gbó," ló ní.

Mo rò pé kò gbọ́ mi yé ni. Mo tún un sọ, mo gbóhùn sókè.

"Mo gbọ́. Mo ní ó ti gbó. Ta ni olóyin nínú èmi àti ìwọ? Gé e, kí o máa bọ̀."

Bàbá mi tí kò purọ́ lórí oyin rí, tí kò purọ́ nítorí àbúrò rẹ̀ níwájú àna, ló ń purọ́ nítorí mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú oko Bàbá Tanko, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ó fẹ́ rí mi ni. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà sọ ọ́.

Mo gé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tó dí jù ni mo mú, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn láti fi la òjò já. Ó ṣàn bí omi lọ́wọ́ mi, ó dé ìgúnpá. Òórùn rẹ̀ kún gbogbo ibẹ̀, ó wù mí kí n lá ìka kan péré, kò sẹ́ni tó máa rí mi. Ìyàwó Bàbá Tanko bu omi wá, mo ṣan ọwọ́ mi mọ́, mo sì rọ oyin náà sínú ike, mo dé e. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ọ̀gá mi, mo sì wọkọ̀ ní Utako. Dírẹ́bà ní kí n jẹ́ kó gbé ike náà sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ẹrù yòókù. Mo kọ̀, mo gbé e lé itan mi títí a fi délé.

Bàámi ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Múrí àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ilé mìíràn náà wọlé, torí wọ́n ti gbọ́ pé oyin tuntun dé. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣí ìdérí kí òun gbóòórùn rẹ̀. Ìyàwó Múrí mú ṣíbí wá, mo bu díẹ̀, mo fi í sí i lẹ́nu. Ó dá a dúró lórí ahọ́n, ó di ojú. Mo mọ̀ pé oyin náà kò gbó, òun náà mọ̀, síbẹ̀ mo ń wo ẹnu rẹ̀ bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Omi pọ̀ nínú ẹ̀," ló ní. "Kò tíì gbó."



"Bàámi," mo ní, "ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e."

"Mo mọ̀," ló ní, ó sì tún ya ẹnu de ṣíbí.